Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Sí Díìsìkì Tuntun: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Olùdarí Àgbà NITDA

Ijoku, Ṣágámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Olùdarí Àgbà,
Àjọ NITDA,
Àbújá.

Ẹ̀yin Olùdarí Àgbà,

Mo mọ̀ pé ìwé tó ń dé orí tábìlì yín lójoojúmọ́ kò kéré, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní í fi ẹ̀bẹ̀ mi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ojú ewé kan lọ. Òfin ọdún 2007 tó gbé àjọ yín ró ti fi yín ṣe alábòójútó ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba, gbogbo wa la sì mọ̀ pé iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó bá fẹ́ náwó lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìwé wá sọ́dọ̀ yín kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú ewé kan kún ìwé náà. Iléeṣẹ́ yòówù tó bá sọ pé díìsìkì òun ti kún, òun fẹ́ ra òmíràn, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí ni gbogbo àyè tí a ní, èyí ni a ti gé fún fáìlì, èyí ni a kọ nǹkan sí ní tòótọ́, èyí sì ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún kan sẹ́yìn. Bí ojú ewé yìí bá ṣófo, kí ìwé náà padà síbi tó ti wá.

Ọmọ Ijoku ni mí, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Rẹ́mọ tó kóra jọ di Ṣágámù. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́mọ ni bíbójú tó díìsìkì lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní mainframe. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi yangàn lóde ìgbéyàwó kọ́. Ẹni tó kọ porogíráàmù á ní òun lòun kọ èyí, ẹni tó so wáyà á nàka sí wáyà rẹ̀. Àwa tí à ń ṣọ́ àyè, ọjọ́ tí àyè bá tán nìkan ni wọ́n ń rántí pé a wà lọ́fíìsì.

Ìtàn iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Kọ̀ǹpútà tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà dé Ìbàdàn lọ́dún 1963, ní ibùdó ẹ̀kọ́ tí IBM ṣí sí yunifásítì, torí àtiṣe ìṣirò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963. Páálí tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láyé ìgbà náà. Òpó 80 ló wà lórí páálí kan, lẹ́tà kan tàbí nọ́ńbà kan fún òpó kan, ó parí. Díìsìkì fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́wàá láyé nígbà yẹn. Ọdún 1956 ni IBM gbé èyí àkọ́kọ́ jáde: àwo 50 tí wọ́n tò léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí gbogbo rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, tí ohun tó lè gbà kò sì ju lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ yín fi fóònù yà láàárọ̀ yìí lè má wọ inú rẹ̀ tán.

Àìtó àyè yẹn ló sọ àwọn aṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí di ahun. Wọn kì í kọ 1965. 65 ni wọ́n ń kọ, kí òpó méjì lè ṣẹ́ kù lórí páálí. Ahun yẹn náà ló bí wàhálà ọdún 2000 tí gbogbo ayé torí rẹ̀ náwó bí ẹlẹ́dà, tí àwa náà sì fi òru ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1999 jókòó ti ẹ̀rọ bí ẹni tó ń ṣàìsùn òkú. Lónìí, àyè ti pọ̀ lọ súà. Ahun ti kú, àpà ló jogún ilé.

Bí àpà náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, agbaṣẹ́ṣe kankan lè fi ọ̀rọ̀ yí i lórí.

Lórí mainframe, ẹni tó bá fẹ́ dá fáìlì tuntun sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iye àyè tó fẹ́ lórí díìsìkì. Ìlà kan ni nínú ìwé iṣẹ́ tí à ń pè ní JCL: SPACE=(CYL,(500,100)). Sílíńdà ni ìwọ̀n tí a fi ń gé díìsìkì. Ohun tí ìlà náà ń wí ni pé, ẹ gé sílíńdà 500 fún mi báyìí. Bí kò bá tó, ẹ máa fi 100 kún un. Bí ẹ̀rọ bá ti gba ìlà yìí, sílíńdà 500 náà ti lólówó orí. À báà kọ nǹkan sí i, à báà má kọ, ẹlòmíràn kò lè lò ó mọ́.

Kí ló wá dé tí ẹni tí 60 tó fún á fi béèrè 500? Ẹ̀rù ni. Bí iṣẹ́ bá ń lọ lóru tí àyè sì tán, ẹ̀rọ á já a lulẹ̀, á kọ B37 sílẹ̀, tàbí D37, tàbí E37, bí ọ̀ràn náà bá ṣe rí. N kò tíì pàdé òṣìṣẹ́ mainframe kan tí B37 kò tíì jí lójú oorun rí. Owó oṣù kò ní í jáde lásìkò, ọ̀gá á pe ìpàdé, wọ́n á ní kí ẹni tó kọ JCL yẹn wá rojọ́. Ó lọ rojọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú gbà á tì. Láti ọjọ́ náà lọ, kò tún béèrè 60 mọ́ láéláé. 500 ni, bí ara bá sì ń fu ú, ó di 1,000. Kò sẹ́ni tó máa pè é rojọ́ lórí 440 tó gbà tí kò lò. Ọmọ iṣẹ́ tó gba ipò rẹ̀ da ìlà náà kọ bó ṣe bá a. Mo ti rí JCL tí ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà ti fẹ̀yìn tì, tí 500 ṣì wà níbẹ̀ digbí bí òrìṣà ìdílé.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé oògùn rẹ̀ kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ: RLSE. Ẹ fi í sẹ́yìn ìlà náà, kó di SPACE=(CYL,(500,100),RLSE). Bí porogíráàmù bá ti kọ nǹkan rẹ̀ tán tó sì pa fáìlì dé, ẹ̀rọ á gba èyí tí kò lò padà. Láti ayé System/360, tí IBM kéde lóṣù Kẹrin ọdún 1964, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkòròdú kọjá rí mọ àwọn ilẹ̀ kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ká, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, tí igbó ti bò mọ́lẹ̀ nínú, tí ọdún sì ń gorí ọdún. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé kò rí ilẹ̀ rà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé inú ọgbà wọ̀nyẹn kò ju alángbá lọ. Bí ilẹ̀ yẹn ṣe kún ni díìsìkì tí wọ́n ń kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀ ṣe kún.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lójú ẹ̀rọ. Ẹ wọ ISPF, ojú ìwé tí a fi ń bá mainframe ṣiṣẹ́, ẹ tẹ 3.4, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn fáìlì tí ẹ fẹ́ wò, ẹ sún ojú ìwé náà sápá ọ̀tún. Òpó kan wà tí wọ́n kọ Tracks sí lórí, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ %Used sí. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fi gbogbo ayé mi wò. Bí mo bá rí Tracks 7500 tí %Used sì jẹ́ 12, kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé fún mi mọ́: sílíńdà 500 ni wọ́n gé, 60 ni wọ́n lò.

Ká wá ṣírò rẹ̀. Lórí díìsìkì 3390, tí IBM gbé jáde lọ́dún 1989, tí díìsìkì mainframe òde òní ṣì ń fara wé bí ọmọ tó fi ojú jọ baba, track kan ń gba báìtì 56,664, track 15 ló sì wà nínú sílíńdà kan. Sílíńdà kan jẹ́ báìtì 849,960 nìyẹn. Ká ní fáìlì owó oṣù ni èyí tí a rí yẹn. Sílíńdà 440 ló ń ṣòfò nínú rẹ̀, kò tó 400 mẹ́gábáìtì, ẹnikẹ́ni kò ní í torí ẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n fáìlì owó oṣù kì í dá wà. Ti oṣù yìí wà, ti oṣù tó kọjá wà, ká sì ní wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó di 36. Òfo ti di sílíńdà 15,840, bẹ́ẹ̀ odindi díìsìkì 3390 Model 9 kan kò ní ju sílíńdà 10,017 lọ. Ẹ wá fi sọ́kàn pé iléeṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ ń ní ẹ̀dà díìsìkì rẹ̀ ní ilé mìíràn nítorí ìjàǹbá. Òfo náà ní ẹ̀dà tirẹ̀ níbẹ̀, éèsì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lára. Àpẹẹrẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe nìyí, ṣùgbọ́n ẹ fi han ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, yóò sọ fún yín pé mo ṣojú àánú.

Ti fáìlì àtijọ́ nìyẹn. Mainframe tún ní apá kan tó dà bí Unix, tí fáìlì wà nínú fódà, tí fódà wà nínú fódà, èyí tí àwọn ọmọ òde òní mọ̀ ọ́n lò. Odindi ètò fódà wọ̀nyí ń gbé inú fáìlì ńlá kan lórí díìsìkì. HFS ni wọ́n ń pe irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, zFS ló gbapò rẹ̀. Bí zFS bá fẹ́ kún, tí wọ́n sì ti gbà á láyè bẹ́ẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń fẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ ló mọ̀, kò mọ bí a ṣe ń fọn. Porogíráàmù kan lè ṣìwà hù lóru ọjọ́ Ẹtì, kó máa kọ àṣìṣe kan náà láìsinmi sínú log, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí zFS náà sì fẹ̀ láti gígábáìtì 1 dé 20. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á rí i, á pa log náà rẹ́, á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀. Bí ó bá wò ó láti inú, àyè ti ṣí sílẹ̀ gbalasa. Bí èmi bá wò ó láti ìta, gígábáìtì 20 náà ṣì ń jẹ́ ti zFS yẹn, ẹlòmíràn kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Nígbà HFS, ẹni tó bá fẹ́ gba irú àyè bẹ́ẹ̀ padà á ṣe òmíràn tó kéré, á kó gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ síbẹ̀, á dá àwọn ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́, á pààrọ̀ wọn, á wá máa gbàdúrà. Ta ló fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, zFS náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó di ọdún 2017, nínú z/OS 2.3, ètò tó ń darí mainframe, ni wọ́n tó fún wa ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ zfsadm shrink. Ó ń kó ohun tó bá wà ní apá ìparí wá sí apá ibi tó ṣófo, ó sì ń dá ìyókù padà fún díìsìkì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìlà kan péré. Nígbà tí z/OS 2.5 jáde lọ́dún 2021, wọ́n ti lé HFS jáde nílé pátápátá, ẹni tó bá sì ń kó kúrò nínú HFS sí zFS ti rí àǹfààní ńlá láti wọn àyè dáadáa kó tó gé e. Mo sì mọ àwọn tó jẹ́ pé bí ti àtijọ́ ṣe tóbi ni wọ́n ṣe gé tuntun, òfo tòun ti ẹrù. (Ìmọ̀ràn kékeré kan fún ọmọ iṣẹ́ tó bá ń ka lẹ́tà yìí: má fún un pa tán. Fi àyè ìmí díẹ̀ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló máa tún fẹ̀ padà. Bí o bá sì pa log rẹ́ tí àyè kò padà, wò ó bóyá porogíráàmù kan ṣì ṣí i sílẹ̀. Orúkọ fáìlì ti lọ, àmọ́ àyè rẹ̀ kò ní í lọ títí porogíráàmù yẹn yóò fi pa á dé.)

Mo ti ń gbọ́ èsì tí wọ́n máa fún yín. Wọ́n á ní, bàbá àgbà yìí ń sọ̀rọ̀ mainframe, mélòó ló kù ní Nàìjíríà? Linux la ní, Oracle la ní, VMware la ní, kíláòdù là ń kó lọ. Ẹ bá mi bi wọ́n pé, nígbà tí wọ́n pa ìlà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù rẹ́ nínú tábìlì Oracle, ṣé tábìlì náà kéré sí i? Kò kéré, àfi tí wọ́n bá pàṣẹ fún un kó súnkì. Ẹ bi wọ́n pé, sáfà tí wọ́n gé gígábáìtì 500 fún nítorí pé agbaṣẹ́ṣe kan fẹ́ dán nǹkan wò, agbaṣẹ́ṣe ti gba owó rẹ̀ lọ, sáfà ńkọ́? Wọ́n á ní ó ṣì wà, kò dá ẹnikẹ́ni lójú pé àwọn lè pa á. XFS tí ọ̀pọ̀ Linux wọn ń lò, fífẹ̀ ló mọ̀ dáadáa. Ẹ sọ fún un kó fọn, ẹ ó rí ìjà. Àìsàn kan náà ni. Mainframe kàn ń kọ àpà wa sílẹ̀ ketekete lábẹ́ %Used ni, àwọn yòókù ń bò ó mọ́lẹ̀.

Nílé iṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ, wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti wá bá wọn wo díìsìkì tó kún. Mo débẹ̀, mo wò ó. Ẹ̀dà ni gbogbo ibẹ̀: ẹ̀dà àwọn fáìlì gidi tí wọ́n dà kọ láti fi dán porogíráàmù wò, ẹ̀dà àwọn ẹ̀dà, ẹ̀dà tí ẹnì kan ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń bà á, tó wá gbàgbé. Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ mélòó kan, kò ní í sí ohun tí wọ́n máa rà. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún wa. Wọ́n ti kọ owó rẹ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì." Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ìṣòro wà, Olùdarí Àgbà. Ríra díìsìkì ní kọ́ńtíráàtì, ó ní ìwé, ó ní àpèjẹ ìfilọ́lẹ̀, ó sì tún ní ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ. Gbígba àyè padà kò ní nǹkan kan. Ẹni tó ṣe é kò ní í rí ẹni kí i kú iṣẹ́, bí ohun kan bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ lẹ́tà yìí sí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n mọ RLSE. Wọ́n mọ zfsadm. Ẹni tó lè mú kí mímọ̀ wọn wúlò ni mo kọ ọ́ sí.

Ti owó, n kò ní í pẹ́ lórí ẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra díìsìkì. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023, bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní báǹkì. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti wọ 1,500. Díìsìkì tí wọ́n fi owó kan rà tẹ́lẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta láìfi báìtì kan kún un. Ẹ wá fi owó dísù tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ kún un, torí díìsìkì tó ṣófo ń jẹ iná bí èyí tó kún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí àwọn onítara má baà gbé lẹ́tà mi gba ọ̀nà òdì. Gbígba àyè tí a kò lò padà yàtọ̀ sí pípa fáìlì rẹ́. Àyè tí a gé tí a kò kọ nǹkan kan sí, àti àyè tó wà láàárín zFS tí log ti kúrò, kò sí ìwé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ lè gbà wọ́n padà lónìí, kò sẹ́ni tó máa sunkún. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún márùn-ún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó sì lè jẹ́ ìwé ilẹ̀ ẹbí kan, tàbí àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó ṣì ń retí rẹ̀. Ìbàdàn kan náà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé ni òpìtàn Kenneth Dike ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba lọ́dún 1954, nígbà tí ìwé àwọn ọ́fíìsì àtijọ́ ń jẹrà lọ. N kò fẹ́ kí àwa fi bọ́tìnnì kan ba ohun tí ikán kò lè bà jẹ́ tán. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀, téèpù ló yẹ kí wọ́n kó o lọ. Porogíráàmù mainframe tó ń jẹ́ DFSMShsm ti ń ṣe èyí láti ọjọ́ pípẹ́: bí ẹ bá wo ibi tí orúkọ díìsìkì yẹ kó wà, MIGRAT lẹ máa rí, orúkọ fáìlì náà ṣì wà nínú àkójọ, ẹni tó bá pè é, ẹ̀rọ á lọ gbé e wá.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tó yẹ kó kú lóòótọ́. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa ara ènìyàn kọjá ìgbà tí ìdí tó fi gbà á bá ti parí. Àwọn ẹ̀dà tí mo rí nílé iṣẹ́ yẹn, orúkọ ènìyàn gidi, ọjọ́ ìbí gidi, nọ́ńbà àkáǹtì gidi ló wà nínú wọn, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wá kọ́ṣẹ́ sì ń ṣí wọn. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí díìsìkì, orúkọ rẹ̀ la sábà ń yọ kúrò. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi kọ nǹkan lé e lórí. RACF, porogíráàmù ààbò mainframe, ní àṣẹ ERASE tó ń fi òfìfo bò ó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network ra díìsìkì àlòkù ní Èkó níbí, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn ìlú òkèèrè nínú wọn. Nígbà yẹn, àṣírí òyìnbó ló ń tú lọ́dọ̀ wa. Nísinsìnyí tí NIMC, àjọ ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ti kọ orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 100 sílẹ̀, àṣírí tiwa ló kù.

Ẹ̀bẹ̀ mi kúnrẹ́rẹ́ nìyí. Ojú ewé tí mo sọ, kí ó ní ibi tí ẹni tó ni fáìlì máa fọwọ́ sí, kì í ṣe ọ̀gá kọ̀ǹpútà nìkan; ọ̀gá kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá ìwé náà ṣì wúlò, ẹ̀ka tó ni ín ló mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀ pé wọn kò ní í fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá jẹ́wọ́ pé òun ń gé àyè jù, torí bí ẹ bá fìyà kún un, irọ́ ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Galaxy Backbone, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, tó ń gba dátà ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba sílé, lè ràn yín lọ́wọ́: kí wọ́n máa fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù pé ẹ gba báyìí, ẹ lo báyìí. Ojú máa ń ti ènìyàn bí nọ́ńbà bá dé orí tábìlì ọ̀gá.

Bí wọ́n bá sọ pé àwọn kò ní ẹni tó máa ṣe ìwọ̀n náà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọ̀dọ̀ wa níbí. Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, Gateway ICT Polytechnic wà ní Saapade, ọdọọdún sì ni àwọn ọmọ wọn ń wá ibi tí wọ́n máa ti ṣe SIWES, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n ṣe, tí ọ̀pọ̀ wọn ń parí rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àti ríra oúnjẹ ọ̀sán fún ọ̀gá. Ìwọ̀n yìí kò béèrè kí wọ́n ṣí fáìlì kankan. Orúkọ, iye tí a gé, iye tí a lò, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn, ìyẹn náà ni. Ẹ fún ọmọ méjì ní àṣẹ wíwò láìsí àṣẹ fífọwọ́kàn, ẹ fi àgbà kan tì wọ́n, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ máa mọ ohun tó wà lórí díìsìkì iléeṣẹ́ yẹn ju bí àwọn tó ni ín ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn ọmọ náà á sì ti kọ́ iṣẹ́ gidi kan.

Mo ti so àpẹẹrẹ ojú ewé náà mọ́ lẹ́tà yìí, òpó mẹ́rin ló ní àti ìlà ìbuwọ́lù kan. Ẹ ṣe é kó dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, torí ohun tó bá ti wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá yẹn sọ fún mi. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kankan, kí NITDA fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ ti díìsìkì tirẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e sójú ìkànnì yín níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Ọmọ Ijoku kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí díìsìkì.